Orúkọ Ọmọ Ọjọ́ Mẹ́fà

Láti ọdún mẹ́rin tí Adédàmọ́lá ti gbé Àpínkẹ́ níyàwó, kò sí ẹni tó rí i kí ó gbálẹ̀ rí. Ní àárọ̀ Sátidé yìí, ó gbá a lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbá yàrá, ó gbá pálọ̀, ó gbá ojúde títí dé ẹ̀bá ògiri tó pààlà àwọn àti Àsánátù aládùúgbò wọn, eruku ọyẹ́ sì ń bò ó lójú. Nígbà tó parí, ó pọn omi kún garawa mẹ́ta, ó fa àga kan sẹ́nu ọ̀nà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ iṣu. Àwọn aládùúgbò tó ń kọjá ní Títírù, àdúgbò wọn ní Parakú, ń kí i kú iṣẹ́. Obìnrin kan ní kí ó jọ̀ọ́, kí ó wá kọ́ ọkọ òun. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dénú.

Ẹ má jẹ́ kí ó tàn yín jẹ. Kì í ṣe ìfẹ́ ló ń gbálẹ̀ yẹn. Ọkùnrin tó ti ṣe ohun tí kò lè sọ fún ìyàwó rẹ̀ ni, ó sì ń wá iṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ yóò máa ṣe kí ojú rẹ̀ má baà bá tirẹ̀ ṣe mẹ́rin.

Ohun tó ṣe nìyí. Ní Ọjọ́bọ̀, nígbà tí iná kò sí ní Títírù, Àpínkẹ́ gbé fóònù rẹ̀ fún un pé kí ó bá òun fi iná sí i ní kọlẹ́ẹ̀jì tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, kí ó sì ra mégà tí wọ́n fi ń lo íńtánẹ́ẹ̀tì sí i, nítorí òun máa ń bá ẹnìkan sọ̀rọ̀ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Dàmọ́lá mọ ẹni náà. Màdáàmù Olúwafúnkẹ́ ni, ọmọ Kétu kan tó ń gbé Kútọnu, tó kẹ́kọ̀ọ́ bí a ṣe ń tọ́jú ọkàn ẹni tí nǹkan burúkú bá ṣẹlẹ̀ sí. Agbẹ̀bí tó gbẹ̀bí Àpínkẹ́ ló fún un ní nọ́ńbà rẹ̀. Orí fóònù ni wọ́n ti ń ṣe gbogbo rẹ̀, wọn kò tíì fojú kan ara wọn rí. Dàmọ́lá kò lòdì sí i. Ó kàn ń rò ó lọ́kàn ara rẹ̀ pé kí ni obìnrin méjì lè máa sọ fún odindi wákàtí kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà léra wọn. Nítorí náà, nígbà tí iná fóònù kún, ó gbé e lọ sábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìn kíláàsì, ó ṣí i. Fókáàlì méjì ló rí níbẹ̀, ìyẹn ohùn tí ènìyàn sọ sínú fóònù tó sì fi ránṣẹ́. Àpínkẹ́ ti fi méjèèjì ránṣẹ́ sí Màdáàmù ní ọjọ́ kan ṣáájú. Ó gbé fóònù sétí.

Nínú èkínní, ohùn Àpínkẹ́ tutù bí ẹni tó ń ka ìwé. Ó ń sọ nípa òru tí ọmọ wọn kú. Ó ní ara ọmọ náà gbóná, òun jí ọkọ òun, ọkọ òun ní ara ọmọ tuntun máa ń gbóná, kí ilẹ̀ mọ́ ná. Ó ní nígbà tí ọmọ kò gba ọyàn mọ́, òun tún jí i lẹ́ẹ̀kejì, ọkọ òun ní òun ní kíláàsì ní aago méje, ó kọjú sí ògiri. Ó ní òun kò bá a jà láti ọjọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń jẹun, òun máa ń wo ọwọ́ rẹ̀, òun a sì máa rò ó pé ọwọ́ yìí náà ni ì bá mú kọ́kọ́rọ́ alùpùpù láti gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn.

Nínú èkejì, ó ń sunkún díẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní òun ti sọ ọmọ náà lórúkọ. Moyọ̀sọ́rẹ ni òun pè é. Ó ní láràárọ̀, kí òun tó fẹsẹ̀ kanlẹ̀, òun máa ń kí i, òun a bi í bóyá ó sùn dáadáa, ara òun a sì fúyẹ́.

Ọjọ́ mẹ́fà ni ọmọ náà lò láyé. Ọjọ́ kẹjọ ni a ń sọ ọmọ lórúkọ, nítorí náà kò lórúkọ, ọmọ tí kò bá sì lórúkọ, a kì í bá ìyá rẹ̀ ṣọ̀fọ̀. Wọ́n ní àlejò ni, ó ti padà síbi tó ti wá. Wọ́n ní kí Àpínkẹ́ má sunkún, kí omijé má baà dí ọ̀nà èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ọkùnrin méjì gbé e lọ sin ní ọ̀sán, wọn kò sì sọ ibi tí wọ́n sin ín sí fún ìyá rẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ kẹjọ pé, omi ọyàn ń ya sára bùbá Àpínkẹ́, kò sì sí ẹnì kan tó wá kí i, nítorí wọn kò mọ ohun tí wọn yóò kí i fún. Bẹ́ẹ̀ la ń ṣe fún àwọn obìnrin wa, a sì ń pè é ní àánú.

Lábẹ́ igi máńgòrò yẹn, ẹ̀rù ba Dàmọ́lá. Ó ń fẹ́ kí ẹnìkan sọ fún òun ohun tó yẹ kí òun ṣe. Láàárín àwọn ará ilé wọn, bí ọ̀rọ̀ ìyàwó bá le, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ọkọ tó jẹ́ obìnrin ni a kọ́kọ́ ń gbé e lọ, òun náà yóò sì fẹ́ fi etí ara rẹ̀ gbọ́. Ẹ̀gbọ́n Dàmọ́lá ni Olúbùnmi, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ìyá Akínwùmí, tó ń ta aṣọ lọ́jà ńlá. Òun ló tọ́ Dàmọ́lá dàgbà, òun ló rán an níwèé. Dàmọ́lá fi fókáàlì kejì ránṣẹ́ sí i, èyí tó ń sọ nípa orúkọ. Ìka rẹ̀ lọ sórí èkínní pẹ̀lú. Ó dúró síbẹ̀ díẹ̀, ó sì kúrò. Gbogbo ẹbí ló ti sọ fún pé ọmọ náà kàn sùn tí kò jí, àti pé nígbà tí àwọn fi máa mọ̀, ó ti bọ́.

Kò pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi dá a lóhùn. Ó ní òun ti gbọ́, orí òun sì wú. Ó ní òun àti Bàbá Ògúnyẹmí, tó jẹ́ àgbà àwọn ọmọ Ṣábẹ̀ ní Parakú, yóò wá ní Sátidé. Ó ní àgọ́ àdúrà kan wà lọ́nà Ǹdálì, tí wọ́n ti ń gba irú àwọn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, ogójì ọjọ́ ni, mọ́tò wọn yóò sì wá gbé Àpínkẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Kí Dàmọ́lá má sọ fún un, kí ó má baà sá lọ. Dàmọ́lá kọ ọ́ sí i pé ó dáa. Nígbà tó délé, ó sọ fún Àpínkẹ́ pé ẹ̀gbọ́n òun ń bọ̀ wá bá wọn jẹun.

Nígbà tí iṣu ti wà lórí iná, ó rékọjá sọ́dọ̀ Àsánátù lọ ra wàgáṣì, wàrà àwọn Fúlàní tí obìnrin náà máa ń dín lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Opó ni Àsánátù, ọmọ ẹ̀yà Déńdì ni, àdúgbò Zongo ni wọ́n ti bí i, ó sì ń sọ Yorùbá ju ọ̀pọ̀ àwa tí a bí sínú rẹ̀ lọ. Nínú yàrá tó ń kó igi ìdáná sí ni Àpínkẹ́ ti máa ń gba ìpè Màdáàmù, nítorí ògiri ilé tiwọn fẹ́lẹ́ débi pé bí o bá sín, ayálégbé ẹ̀yìn yóò kí ọ. Dàmọ́lá fẹ́ ra, kó sì máa lọ, ṣùgbọ́n Àsánátù kò yára yọ wàgáṣì náà lórí epo. Ó ń sọ̀rọ̀ bí ó ti ń yí i. Ó ní Sátidé àkọ́kọ́, nígbà tí Àpínkẹ́ jáde nínú yàrá yẹn, ojú rẹ̀ wú, òun sì rò ó pé kí òun má jẹ́ kó wọ ibẹ̀ mọ́. Ó ní Sátidé tó kọjá, ó jáde, ó jókòó sórí àpótí òun, ó jẹ wàgáṣì mẹ́ta, ó sì ní iyọ̀ kéré níbẹ̀. Àsánátù ní òun fẹ́ràn kí ènìyàn bá òun wí bẹ́ẹ̀.

Ó di wàgáṣì náà sínú ewé, ó nà án sí i, kò tíì jọ̀wọ́ rẹ̀.

"Ọkọ Àpínkẹ́, ohun yòówù kí ẹ fẹ́ ṣe nínú ilé yẹn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba Sátidé yẹn lọ́wọ́ rẹ̀."

Dàmọ́lá ní ó ṣeun. Ó wo ewé náà, ó wo epo tó ń hó, kò wo ojú rẹ̀. Ó padà sílé pẹ̀lú oúnjẹ àwọn tó ń bọ̀ wá gbà á.

Nígbà tó wọlé, Àpínkẹ́ ti wẹ̀, ó sì ti wọṣọ. Dàmọ́lá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Àǹkárá aláwọ̀ aró tí ó ní ẹyẹ funfun ni, tí Àpínkẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán nígbà tí oyún rẹ̀ wọ oṣù kẹjọ, nítorí aránṣọ ni. Ó rán an tóbi ní àyà kí ó lè rọrùn láti fọ́mọ lọ́yàn nínú rẹ̀. Fún ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ni. Láti oṣù mẹ́ta ni ó ti wà nínú àpótí, kò sì sí ẹni tó bá a sọ̀rọ̀ rẹ̀ rí. Ó ti dín àyà rẹ̀ kù báyìí, ṣùgbọ́n ó ṣì tú díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Dàmọ́lá bi í ìdí tó fi wọ èyí. Àpínkẹ́ ń to àwọn abọ́ tánganran tí wọ́n fún wọn nígbà ìgbéyàwó, kò gbójú sókè. Ó ní òun kì í ṣe ọmọdé. Ìyá Akínwùmí kì í fi ọjà Sátidé sílẹ̀ nítorí iyán, òun àti Bàbá Ògúnyẹmí pọ̀ kì í sì í jáde bí kò bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹbí.

"Mo mọ ohun tí wọ́n ń bọ̀ wá ṣe. Wọ́n ń bọ̀ wá kí mi ni. Ó pẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń bọ̀."

Ojú rẹ̀ mọ́ nígbà tó sọ ọ́. Ó ní Màdáàmù ti sọ fún òun pé bóyá àwọn ènìyàn kò mọ bí wọn yóò ṣe sọ ọ́ ni, kì í ṣe pé wọn kò rò ó. Ó ní òun yóò sọ fún Màdáàmù ní aago mẹ́rin pé òótọ́ ló sọ.

Ibí yìí gan-an ló yẹ kí Dàmọ́lá ti sọ̀rọ̀. Agogo kò tíì lu méjìlá. Ó ní wákàtí méjì gbáko níwájú rẹ̀, àwọn méjèèjì nìkan ni wọ́n wà nínú ilé, ẹnu rẹ̀ sì ṣí. Ṣùgbọ́n bí ó bá sọ pé òun fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́, yóò sọ èyí tí òun fi ránṣẹ́ àti èyí tí òun kò fi ránṣẹ́, àti ìdí rẹ̀. Ojú tì í. Ó sọ pé iṣu ti jinná, ó gbé odó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gún un. Ó gún un títí ó fi kúnná, tí kò sí kókó kankan nínú rẹ̀ mọ́, ó ṣì ń gún un. Àpínkẹ́ ní kí ó jọ̀ọ́, kí ó fi odó sílẹ̀, ó ti tó.

Aago méjì kọjá díẹ̀ nígbà tí àwọn àlejò dé. Bàbá Ògúnyẹmí ṣiṣẹ́ reluwé fún ọdún mọ́kàndínlógún, ó sì ṣì máa ń wo agogo ọwọ́ rẹ̀ kó tó jókòó àti kó tó dìde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ̀ ojú irin ò dé Parakú mọ́. Ìyá Akínwùmí sọ̀ kalẹ̀ lórí sẹ́mì, alùpùpù akérò tó gbé e wá, ó ń gbọn eruku ọ̀nà kúrò lára ìró. Àpínkẹ́ kúnlẹ̀ kí wọn, ó pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Ìyá Akínwùmí fi ọwọ́ kàn án léjìká, ó wo aṣọ tó wọ̀, ó mọ̀ ọ́n, nítorí ní ìsọ̀ tirẹ̀ ni wọ́n ti rà á. Ó yára gbójú kúrò.

Wọ́n jẹun. Bàbá Ògúnyẹmí yin iyán náà, ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti jẹ èyí tó kúnná tó báyìí, ó bi Àpínkẹ́ léèrè ta ló gún un. Àpínkẹ́ fi orí tọ́ka sí ọkọ rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Baba náà ní ọkọ rere ni, kí Ọlọ́run jẹ́ kó bá a pẹ́. Òkèlè kan ṣoṣo ni Dàmọ́lá tíì jẹ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń mú wàgáṣì tó tóbi jù nínú abọ́, ó ń kó o sí iwájú àbúrò rẹ̀ bí ó ti máa ń ṣe láti kékeré.

Nígbà tí wọ́n fọwọ́ tán, Àpínkẹ́ palẹ̀ abọ́ mọ́, ó padà wá, ó jókòó sórí ẹní, ó ká ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lé itan. Ó jókòó bí ẹni tí wọ́n fẹ́ kí. Inú Dàmọ́lá bàjẹ́ nígbà tó rí bí ó ti jókòó yẹn, débi pé ó fẹ́ dìde kúrò níbẹ̀. Kò dìde.

Bàbá Ògúnyẹmí wo agogo. Ìyá Akínwùmí yọ fóònù nínú àpò, ó gbé e sórí tábìlì, ó tẹ̀ ẹ́.

Ohùn Àpínkẹ́ ló jáde. Ó ń sunkún díẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín díẹ̀. Moyọ̀sọ́rẹ ni mo pè é. Láràárọ̀ ni mo máa ń kí i. Obìnrin tó jókòó sórí ẹní ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀ láti orí tábìlì, kò sì mira. Ojú tó mọ́ láti àárọ̀ ń kú díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ohùn náà parí, ó wo ọkọ rẹ̀. Dàmọ́lá ń wo ẹsẹ̀ tábìlì.

Bàbá Ògúnyẹmí ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, pẹ̀lẹ́ ló sì sọ ọ́. Ó ní ọmọ tí kò pé ọjọ́ mẹ́jọ kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni, ẹni tó bá fún un lórúkọ ń pè é padà ni, ẹni tó bá sì ń kí òkú láràárọ̀, òkú yóò dá a lóhùn ní ọjọ́ kan. Ó béèrè irú àdúrà tí obìnrin Kútọnu yẹn ń gbà fún un. Àpínkẹ́ ní kì í gbàdúrà. Baba ní kí ló wá ń ṣe. Ó ní ó ń gbọ́ òun ni. Baba ní ó ń gbọ́, kí ló wá ń ṣe sí i. Ó ní, "Ó ń gbọ́ mi ni, bàbá." Baba wo Ìyá Akínwùmí, ó mi orí.

Ìyá Akínwùmí ní kì í ṣe èyí nìkan. Ó ní àwọn ènìyàn ti sọ fún òun pé ní gbogbo Sátidé ni wọ́n ń rí i tó ń wọ yàrá igi ilé Mùsùlùmí kan, tó ń tilẹ̀kùn mọ́rí, tó ń dá sọ̀rọ̀. Ó ní ohun tí ayé ń wí nìyẹn, òun kì í gbọ́ ọ kí òun sùn. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ènìyàn burúkú kọ́ ni Ìyá Akínwùmí. Omi wà lójú rẹ̀ bó ti ń sọ̀rọ̀.

"Èmi náà sin méjì kí n tó bí Akínwùmí. Ọ̀kan lo ọjọ́ mẹ́ta, ọ̀kan lo ọjọ́ márùn-ún. Mi ò sọ wọ́n lórúkọ, mi ò kí wọn láràárọ̀. Mo dìde, mo lọ sọ́jà. Ṣé èmi kì í ṣe abiyamọ ni?"

Ó nu ojú. Ó ní mọ́tò àgọ́ àdúrà yóò dé láìpẹ́, ogójì ọjọ́ kì í ṣe nǹkan, wọn kì í gba fóònù láyè níbẹ̀, kí Àpínkẹ́ fún ọkọ rẹ̀ ní fóònù náà kí ó bá a pa nọ́ńbà obìnrin yẹn rẹ́. Bí ó bá padà dé pẹ̀lú ara líle, wọn yóò jọ dúpẹ́ ni.

Àpínkẹ́ ti ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ láti ìgbà yẹn. Ó gbórí sókè.

"Fókáàlì méjì ni mo fi ránṣẹ́ sí Màdáàmù. Èkínní dà?"

Ìyá Akínwùmí ní èkínní wo. Gbogbo wọn yíjú sí Dàmọ́lá. Òógùn bo ọkùnrin náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọyẹ́ ń fẹ́. Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tó ń sọ pé ọ̀kan ṣoṣo ni òun rí.

Àpínkẹ́ kò bá a jiyàn. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni tó ń wo ilé tó ti gbé rí. Lẹ́yìn náà ó tú fóònù rẹ̀ ní etí ìró tó so ó mọ́, ó dìde, ó gbé e lé orúnkún ọkọ rẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ mọ ibi tó wà. Màdáàmù ni mo sọ ọ́ fún. Mi ò ní fi ẹnu ara mi sọ ọ́ níwájú àwọn ará ilé yín."

Ó wọ yàrá lọ. Láìpẹ́ wọ́n gbọ́ bí ó ti ń fa báàgì jáde lábẹ́ ibùsùn.

Bàbá Ògúnyẹmí béèrè ohun tí obìnrin náà ní lọ́kàn. Dàmọ́lá ní òun kò mọ̀. Ó ti parọ́ lẹ́ẹ̀mejì láàárín ìṣẹ́jú kan, èkejì sì rọrùn fún un ju èkínní lọ, ìyẹn gan-an ló bà á lẹ́rù. Ìyàwó rẹ̀ ní ohun tó lè fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀ nínú fóònù tó wà lórí orúnkún Dàmọ́lá yìí. Ó kàn ní kó tẹ̀ ẹ́ lásán ni. Àpínkẹ́ kò tẹ̀ ẹ́, kí ojú má baà ti ọkọ rẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó fẹ́ bá wọn lọ sí Ǹdálì fún ogójì ọjọ́, kí ojú má baà ti ọkọ rẹ̀.

Láti orí ògiri, ohùn Àsánátù wọlé, bí ó ti máa ń wọlé ní gbogbo Sátidé. Ó ní, "Àpínkẹ́ o, aago mẹ́rin ti ń lù, mo ti ṣí yàrá." Ó tún pè é, ohùn rẹ̀ ti yí padà. Nínú yàrá, Àpínkẹ́ ń ká aṣọ.

Fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún lórí orúnkún Dàmọ́lá.

Orúkọ Màdáàmù ló wà lójú rẹ̀. Ìyá Akínwùmí ní kí ó pa á. Dàmọ́lá mú un lọ́wọ́, àtàǹpàkò rẹ̀ wà lórí ibi tí a ti ń pa á. Ó ń dún. Ó rántí ọwọ́ kan tó ń mì í léjìká nínú òkùnkùn, tí kò mì í kíkankíkan, nítorí ẹni tó ni ọwọ́ náà mọ̀ pé ó rẹ òun, tí kò sì fẹ́ bínú sí òun. Ó gbé fóònù sétí.

Ohùn obìnrin kan kí i kú ìrọ̀lẹ́, ó béèrè bóyá Àpínkẹ́ nìyẹn.

"Rárá o, Màdáàmù. Bàbá Moyọ̀sọ́rẹ ni."

Aṣọ kíká dákẹ́ nínú yàrá. Ìyá Akínwùmí fi ọwọ́ bo ẹnu. Màdáàmù náà dákẹ́ ní tirẹ̀, ó ń gbọ́. Ìgbà yìí ni Dàmọ́lá mọ ohun tí Àpínkẹ́ ń wí, pé ènìyàn lè wà ní Kútọnu kí ó máa gbọ́ ọ, kí ó má ṣe nǹkan mìíràn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó sì ń wò.

"Kò kàn sùn lásán. Ara rẹ̀ gbóná. Ìyá rẹ̀ jí mi lẹ́ẹ̀mejì, mi ò dìde. Ẹ̀gbọ́n, fókáàlì méjì ni. Èyí tó sọ ohun tí mo ṣe ni mi ò fi ránṣẹ́ sí yín."

Àpínkẹ́ jáde. Aṣọ ìsọmọlórúkọ náà ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó na ọwọ́, Dàmọ́lá fún un ní fóònù, ọwọ́ wọn kò kan ara wọn. Kò wò ó. Ó sọ sínú fóònù pé kí Màdáàmù jọ̀ọ́ má bínú, òun pẹ́ díẹ̀, òun ń bọ̀ nísinsìnyí. Ó gba ojúde kọjá sọ́dọ̀ Àsánátù, wọ́n sì gbọ́ ìlẹ̀kùn yàrá igi tó tì.

Bàbá Ògúnyẹmí kò wo agogo. Ìyá Akínwùmí béèrè, ohùn rẹ̀ kéré bíi ti ọmọdé, bóyá lẹ́ẹ̀mejì ni Àpínkẹ́ jí i lóòótọ́. Dàmọ́lá ní lẹ́ẹ̀mejì ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, kò sì sí ẹni tó lè sọ ọmọ ta ni ó ń sunkún fún.

Mọ́tò kan dúró lẹ́nu ọ̀nà. Awakọ̀ fun fèrè lẹ́ẹ̀kan, kò sí ẹni tó mira. Ó dúró díẹ̀, ó tún fun ún lẹ́ẹ̀kejì.

Dàmọ́lá dìde. Ó jáde lọ sọ fún un pé kò sí ẹni tí yóò gbé níbí.